Láti Orí Ọkọ̀ Òkun dé Orí Fóònù: Bí Ìwé Òfin Ṣe Rìn Dé Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Òṣogbo

   

Ẹ jẹ́ kí n fi ọjọ́ kan bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2023. Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìbò gómìnà jókòó ní Òṣogbo. Wọ́n dá ẹjọ́ pé Gbóyèga Oyètọ́lá ló wọlé nínú ìbò ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 2022, kì í ṣe Adémọ́lá Adélékè tí INEC ti kéde. Kí ni wọ́n fi dá a? Àkọsílẹ̀ tó jáde láti inú ẹ̀rọ. Ẹ rántí BVAS, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń yẹ ìka àti ojú olùdìbò wò. Wọ́n ní ní àwọn ibùdó kan, ìbò tí wọ́n kà ju iye èèyàn tí ẹ̀rọ yẹn gbà wọlé lọ.

Nígbà tó di ọjọ́ 24 oṣù Kẹta, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ yẹn padà. Nígbà tó di ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fọwọ́ sí i pé Adélékè ni. Lára ohun tí wọ́n rí ni pé ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde láti inú àkójọ INEC ni olùpẹjọ́ kó wá. Wọn ò gbé ẹ̀rọ BVAS fúnra rẹ̀ wá síwájú ilé-ẹjọ́.

Ẹ má bẹ̀rù, mi ò wá sọ ọ̀rọ̀ òṣèlú lónìí. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn ni pé ipò gómìnà odidi ìpínlẹ̀ kan rọ̀ mọ́ ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ni ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà lè jẹ́rìí sí níwájú adájọ́, báwo ló sì ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́rìí náà? Lọ́yà tó máa dáhùn ìbéèrè yẹn gbọ́dọ̀ ti kọ́ ọ níbì kan. Ibi tó ti kọ́ ọ ni mo fẹ́ mú yín lọ lónìí: ilé ìkàwé òfin, yàrá kọ̀ǹpútà inú rẹ̀, àti àwọn tó ń dá akẹ́kọ̀ọ́ lóhùn níbẹ̀. Ìtàn wọn gùn ju bí ẹ ṣe rò lọ, ọmọ Ìjẹ̀ṣà sì wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ìwé òfin tó dé

Ẹ gbọ́ orúkọ òṣómàáló rí, àbí? Oníṣòwò aṣọ láti Ìjẹ̀ṣà ni. Á gbé aṣọ láwìn fún yín lónìí, á dá ọjọ́ tí yóò padà wá gbowó. Bí ọjọ́ bá pé tí owó ò sí, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà yín. Kò ní pariwo, kò ní jà, ṣùgbọ́n kò ní dìde títí owó ẹ̀ á fi pé. Kò sí ìwé àdéhùn, kò sí lọ́yà. Ẹni tó bá ní ẹjọ́ tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ, iwájú olóyè tàbí ààfin Ọwá ló ń gbé e lọ. Orí àwọn àgbà ni òfin wà, ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ọ́.

Ní Èkó, nǹkan ti yàtọ̀. Àwọn òyìnbó ti gbé òfin tiwọn dé, wọ́n sì ṣe òfin Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní 1876. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé lọ́yà ò tó nǹkan. Ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà ni pé wọ́n gba àwọn tó mọ̀wé díẹ̀, tí wọ́n sì gbọ́ díẹ̀ nínú òfin Gẹ̀ẹ́sì, láyè láti máa gba ẹjọ́ rò. Ẹ̀yin náà ẹ fojú inú wò ó: ẹni tí kò wọ ilé ẹ̀kọ́ òfin rí ló ń gba ẹjọ́ ilẹ̀ bàbá yín rò.

Ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó gba ìwé ẹ̀rí lọ́yà ni Christopher Alexander Sapara Williams. Ọdún 1855 ni wọ́n bí i, ní Sierra Leone. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni bàbá rẹ̀, Ẹ̀gbá ni ìyá rẹ̀. Ó lọ sí London, wọ́n sì pè é sí iṣẹ́ lọ́yà ní Inner Temple ní 1879. Nígbà tó di 1888, ó ti ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá bi yín léèrè ibi tí lọ́yà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti wá, ẹ sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wà lára rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ná an: ọkọ̀ òkun, òtútù, owó, àti ọ̀pọ̀ ọdún nílẹ̀ àjèjì. Ibẹ̀ ni ìwé wà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún àwọn tó tẹ̀ lé e. Káyọ̀dé Èṣọ́, tí wọ́n bí ní Iléṣà ní 1925, tó sì di adájọ́ Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ láti 1978 dé 1990, Dublin ní orílẹ̀-èdè Ireland ló ti ka òfin. Bọ́lá Ìgè, ọmọ Ẹ̀sà-Òkè, London ló lọ, 1961 sì ni wọ́n pè é sí iṣẹ́ náà. Ẹni tí ẹbí rẹ̀ ò lówó ọkọ̀, tí kò sì rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà, àlá ni iṣẹ́ lọ́yà jẹ́ fún un.

Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. Òfin tí wọ́n ń kọ́ ní London, òfin London ni. Ẹni tó ti ibẹ̀ dé mọ bí wọ́n ṣe ń ta ilé ní ìlú òyìnbó. Ṣé ó mọ ẹni tó láṣẹ láti ta ilẹ̀ ẹbí ní Iléṣà? Ṣé ó mọ ìdí tí olórí ẹbí ò fi lè dá a tà? Ìwé tó kà ò sọ bẹ́ẹ̀.

Ilé ìkàwé dé Ifẹ̀

Ní 1959, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan dìde lábẹ́ Unsworth láti wo ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní kí àwọn yunifásítì wa máa kọ́ òfin fúnra wọn, kí ilé ẹ̀kọ́ òfin kan sì wà ní Èkó tí gbogbo wọn yóò gbà kọjá. Òfin tó gbé e kalẹ̀ jáde ní 1962. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 1963, Ilé Ẹ̀kọ́ Òfin ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ. Mẹ́jọ péré! Lónìí, bí wọ́n bá ń pe àwọn tuntun sí iṣẹ́ náà, gbọ̀ngàn á kún fọ́fọ́, àwọn ẹbí á tún dúró síta.

Ní 1962 yẹn náà ni Yunifásítì Ifẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún akẹ́kọ̀ọ́ 244. Ẹ̀ka márùn-ún ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, òfin sì wà lára wọn. Ẹléyẹlé ní Ìbàdàn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kó tó di pé wọ́n kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967. Olórí yunifásítì náà nígbà tí wọ́n kó lọ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Hezekiah Olúwasanmí, ọmọ Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Ó wà níbẹ̀ láti 1966 dé 1975. Bí ẹ bá ti dé OAU rí, ẹ ó ti rí orúkọ rẹ̀: òun ni wọ́n fi sọ ilé ìkàwé ńlá tó wà ní àárín ọgbà.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ ká wo bí wọ́n ṣe ń lo ilé ìkàwé òfin láyé ìgbà yẹn, torí pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò ní mọ ohun tí kọ̀ǹpútà wá yí padà.

Òfin tí lọ́yà ń lò kì í ṣe èyí tí ìjọba kọ nìkan. Ìdájọ́ tí àwọn adájọ́ àgbà ti dá sẹ́yìn náà, òfin ni. Nítorí náà, wọ́n ń kó àwọn ìdájọ́ jọ sínú ìwé, wọ́n sì ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì. Ẹ wo ọ̀kan: Esso West Africa àti Oyegbola, (1969) 1 NMLR 194. Ọdún 1969 ni, ìwé kìíní ti ọdún yẹn, NMLR ni orúkọ ìwé náà ní gékúrú, ojú ìwé 194 ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ẹjọ́ yìí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Bí ẹ bá ní àdírẹ́sì lọ́wọ́, kò sí wàhálà. Wàhálà ni bí ẹ ò bá ní in. Ìbéèrè nìkan lẹ ní: ṣé olórí ẹbí lè dá ilẹ̀ ẹbí tà? Ẹ ó lọ sí àpótí káàdì, ẹ ó máa ṣí i níkọ̀ọ̀kan. Ẹ ó gbé ìwé atọ́ka, ẹ ó rí ẹjọ́ mẹ́wàá, ẹ ó lọ wá ìwé mẹ́wàá. Ọ̀kan ò ní sí nílẹ̀, ẹnì kan á ti ya ojú ìwé kan nínú èkejì lọ. Ó lè gba odidi ọjọ́ kan.

Ẹni tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ wàhálà yìí ni òṣìṣẹ́ tó jókòó sídìí tábìlì iwájú. Òun ló mọ ibi tí ohun gbogbo wà. Òun ló ń yọ àwọn ìwé tí gbogbo kíláàsì ń dù sẹ́yìn tábìlì, tí á ní ẹ ò lè gbé e lọ sílé, ẹ lè kà á fún wákàtí méjì kí ẹ dá a padà, kó lè kárí. Ọ̀pọ̀ lọ́yà ló ti gbàgbé orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n wọn ò gbàgbé ojú wọn.

Ní 1985, Gàní Fáwẹ̀hìnmi, ọmọ Oǹdó, dá ìwé àkójọ ìdájọ́ kan sílẹ̀, NWLR, tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, ìdájọ́ lè wáyé lónìí kó pẹ́ gan-an kó tó dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Gàní dín ìdúró náà kù. Ṣùgbọ́n ìwé tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, owó ni lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ilé ìkàwé tó bá dáwọ́ owó dúró fún ọdún kan, ìmọ̀ ibẹ̀ ti fi ọdún kan rẹ̀yìn nìyẹn.

Ẹ̀rọ wọlé

Nígbà tí Ifẹ̀ ń ṣí àpótí káàdì, àwọn kan ní Amẹ́ríkà ti ń dán nǹkan mìíràn wò. Ní 1973, LEXIS jáde fún títà. Ojú ẹ̀rọ kan bíi tẹlifíṣọ̀n ni, pẹ̀lú bọ́tìnnì ìtẹ̀wé níwájú rẹ̀. Wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ńlá kan lọ́nà jíjìn nípasẹ̀ wáyà tẹlifóònù. Lọ́yà á tẹ ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀rọ á kó gbogbo ẹjọ́ tí ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde síwájú rẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ kan di iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì wọ́n bí ojú. Nígbà tó di 1992, Yunifásítì Cornell bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òfin sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, Ifẹ̀ wà lára àwọn tó tètè jí. Ní àárín ọdún 1990 sí 2000, OAU ti ń so ọgbà rẹ̀ pọ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ICTP, ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Trieste, orílẹ̀-èdè Ítálì. Ní 2001, fóònù alágbèéká GSM dé. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà díẹ̀ nínú wa, ẹ rántí sáíbà kafé: ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí kan, ojú ewé kan ò tíì ṣí tán tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti lọ. Àwọn kan a sùn síbẹ̀ mọ́jú torí pé òru ò wọ́n.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ wa bíi LawPavilion àti Legalpedia bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìdájọ́ Nàìjíríà sínú kọ̀ǹpútà. Èyí ṣe pàtàkì ju LEXIS lọ fún akẹ́kọ̀ọ́ wa, torí pé ohun tí ilé-ẹjọ́ tiwa sọ nípa ilẹ̀ ẹbí ló ń wá.

Ifẹ̀tẹ̀dó àti Ìkeji

Ẹ jẹ́ ká wá sílé dáadáa báyìí. Ní 2006, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Wọn ò kó gbogbo rẹ̀ sí ojú kan. Òṣogbo ni olú ilé, wọ́n sì pín ìyókù sí Òkukù, Ìkirè, Èjìgbò, Ifẹ̀tẹ̀dó àti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ló bọ́ sí Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ìlú Olúwasanmí. Òfin ló bọ́ sí Ifẹ̀tẹ̀dó.

Ní 2006 yẹn kan náà, Yunifásítì Joseph Ayo Babalola gba ìwé àṣẹ ní Ìkeji-Arákeji, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, òun náà sì ní ilé ẹ̀kọ́ òfin. Ẹ ronú sí i. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní láti gun ọkọ̀ òkun lọ ka òfin ní 1879. Ní àsìkò tiwa, ọmọ Iléṣà lè wọ mọ́tò láàárọ̀ kó sì dé kíláàsì òfin kí oòrùn tó mú.

Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá súnmọ́ lọ́nà kan, ó lè jìnnà lọ́nà mìíràn. Òṣogbo ni ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ wà, Ifẹ̀tẹ̀dó kò sì sí nítòsí Òṣogbo. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbẹ̀ ò lè sáré wọ ilé ìkàwé ńlá mìíràn bí tirẹ̀ ò bá ní ìwé tó ń wá. Nítorí náà, yàrá kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé òfin ní irú ibi bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ni títì tó já sí ìyókù ayé.

Ìjọba náà sì mọ̀ ọ́n. Kí ilé ẹ̀kọ́ òfin kan tó lè rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Ilé Ẹ̀kọ́ Òfin ti Nàìjíríà, Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ Òfin gbọ́dọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n fọwọ́ sí i, ilé ìkàwé sì wà lára ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Bí wọn ò bá fọwọ́ sí i, akẹ́kọ̀ọ́ lè ka ọdún márùn-ún tán kó má lè di lọ́yà. Ẹ wá rí i pé ọ̀rọ̀ ìwé àti ẹ̀rọ yìí, ọ̀rọ̀ ìgbésí ayé ni.

Ìrírí mìíràn tí Ọ̀ṣun ní nípa ọ̀rọ̀ yìí ni Ọpọ́n Ìmọ̀. Ní 2013, ìjọba Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, tó jẹ́ ọmọ Iléṣà, gbé tábúlẹ́ẹ̀tì jáde fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà. Wọ́n ní 150,000 ni àwọn fẹ́ pín. Ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ lára yín tó ń gbọ́ mi lónìí ló lò ó. Ẹ̀kọ́ tí mo rí níbẹ̀ ni pé pípín ẹ̀rọ, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Ẹni tó máa tún un ṣe, ẹni tó máa fi nǹkan tuntun sí i, iná tí yóò máa gba á, iṣẹ́ ojoojúmọ́ nìyẹn. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ ní yàrá kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé.

Ọdún 42 tí adájọ́ fi dúró

Ẹ rántí ẹjọ́ Esso yẹn? Ní 1969, ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ owó délé ẹjọ́. Ìwé òfin ẹ̀rí tí a ń lò nígbà yẹn, 1945 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sì mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé òfin ò lè ṣe bí ẹni pé òun ò mọ bí òwò ṣe ń lọ lóde òní, kò sì gbọ́dọ̀ di ojú rẹ̀ sí ohun ìyanu tí kọ̀ǹpútà jẹ́. Ní 1969 o! Ọ̀pọ̀ èèyàn nílẹ̀ wa ò tíì fojú kan kọ̀ǹpútà rí nígbà yẹn.

Ní 1976, nínú ẹjọ́ Yesufu àti ilé ìfowópamọ́ ACB, ilé-ẹjọ́ kan náà sọ pé yóò dára bí òfin fúnra rẹ̀ bá la ọ̀rọ̀ náà yéni. Àwọn aṣòfin ò dá wọn lóhùn títí di 2011. Ọdún yẹn ni Òfin Ẹ̀rí tuntun jáde pẹ̀lú abala 84, tó sọ ohun tí a gbọ́dọ̀ fi hàn kí ilé-ẹjọ́ tó gba ohun tó jáde láti inú kọ̀ǹpútà: pé wọ́n ń lo ẹ̀rọ náà déédéé nígbà yẹn, pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń kó sínú rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí tí ẹni tó ń mójú tó ẹ̀rọ bá fọwọ́ sí lè ṣe é. Láti 1969 dé 2011, ẹ ṣírò ó: ọdún 42.

Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í mú èèyàn. Nínú ẹjọ́ Kubor àti Dickson, lórí ìbò gómìnà Bayelsa, wọ́n kó ìwé tí wọ́n tẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ kò gbà á, torí pé wọn ò tẹ̀ lé abala 84. Ó kù díẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ni BVAS ti Òṣogbo dé. Ní 2023 náà ni wọ́n tún òfin ẹ̀rí ṣe, kó lè gba àkọsílẹ̀ orí ẹ̀rọ àti ìbuwọ́lù orí ẹ̀rọ mọ́ra.

Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ òfin tí kò mọ kọ̀ǹpútà lónìí, iṣẹ́ rẹ̀ ò pé. Kì í ṣe pé kó lè tẹ lẹ́tà nìkan. Ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àkọsílẹ̀ kan ti wá, ẹni tó fọwọ́ kàn án, àti bí a ṣe ń mọ̀ pé òótọ́ ni. Ibi tí ó ti lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é láìsí ewu ni yàrá kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé.

Àbúrò mi àti ẹjọ́ tó ti kú

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ ó ní, “Bùọ̀dá, fóònù mi ń ṣe gbogbo ìyẹn. Kí ni mo fẹ́ fi ilé ìkàwé ṣe?” Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àbúrò mi kan fún yín. Ó ka òfin ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí mi ò ní dárúkọ. Kọ̀ǹpútà wà nínú ilé ìkàwé wọn, aṣọ ni wọ́n fi bò wọ́n. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ọ̀rọ̀ àṣínà tí wọ́n fi ń wọ àkójọ ìdájọ́, bí onítọ̀hún ò bá wá síbi iṣẹ́, ó parí. Àbúrò mi wá ń fi fóònù rẹ̀ wá ẹjọ́ lóru, dátà tirẹ̀ ló ń jẹ.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kó wá ro ẹjọ́ nínú kóòtù àfiṣeré wọn. Ó rí ìdájọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu bí ẹní wọn ọ́n sí i lára. Ó dúró, ó sọ̀rọ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Olùkọ́ tó ṣe adájọ́ bi í pé, “Ọmọ mi, ṣé o mọ̀ pé ilé-ẹjọ́ tó ga jù ti fagi lé ìdájọ́ yìí?” Kò mọ̀. Ibi tó ti rí i kò sọ fún un. Àkójọ tó wà nínú kọ̀ǹpútà abẹ́ aṣọ yẹn ìbá sọ fún un. Ó délé, ó sunkún, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo kàwé o, ẹ gbà mí gbọ́.” Mo gbà á gbọ́. Kò sẹ́ni tó fi ọ̀nà hàn án ni.

Ó tún ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ju àbúrò mi lọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, adájọ́ kan ní New York bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là fún àwọn lọ́yà tó kó ẹjọ́ tí kò ṣẹlẹ̀ rí wá síwájú rẹ̀. ChatGPT ló ṣẹ̀dá àwọn ẹjọ́ náà fún wọn, pẹ̀lú orúkọ àti àdírẹ́sì. Mata àti Avianca ni wọ́n ń pe ẹjọ́ ọ̀hún. Kí wọ́n kàn wọ àkójọ ìdájọ́ gidi kan, kí wọ́n wá àwọn ẹjọ́ náà níbẹ̀, wọn ì bá má tẹ́.

Ohun tí ẹ lè lọ béèrè

Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bí ẹ bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ òfin, tàbí ẹ ní àbúrò tó jẹ́ ọ̀kan, ẹ lọ bá òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé yín lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ béèrè àkójọ ìdájọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ yín sanwó fún, àti bóyá ẹ lè wọ̀ ọ́ láti yàrá yín. Ẹ ní kó fi hàn yín bí a ṣe ń mọ̀ pé ìdájọ́ kan ṣì wà láàyè. Ẹ béèrè ìwé tí wọ́n yọ sẹ́yìn tábìlì, ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá, àti ẹ̀rọ tó ń ka ìwé sétí ẹni tí kò ríran. Owó ilé ẹ̀kọ́ yín wà nínú gbogbo rẹ̀.

Ẹ béèrè nítorí dátà náà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, NCC gba àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù láyè láti fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà, tó lè tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ìyá rẹ̀ ń ta elùbọ́ lọ́jà, íntánẹ́ẹ̀tì ilé ìkàwé lè jẹ́ èyí tó máa fi ka iṣẹ́ rẹ̀ tán.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nípò, ẹ wo Kenya. Níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ ìjọba kan ló ń kó ìdájọ́ jọ, tó ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ará ìlú ló ń sanwó oṣù adájọ́, kí ló dé tí ará ìlú á tún máa sanwó kó tó ka ohun tí adájọ́ sọ?

Àbúrò mi ti di lọ́yà báyìí. Ó sọ fún mi pé kóun tó gba ilé-ẹjọ́ lọ láàárọ̀, òun a máa yẹ ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan wò lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó ń ka ọdún tó kẹ́yìn, ó máa ń lọ dúró síwájú tábìlì ilé ìkàwé wọn títí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ àṣínà yẹn á fi dé. Mo ní, “Ìwọ náà ti di òṣómàáló nìyẹn.” Ó rẹ́rìn-ín.

Ibi tí a máa dúró sí lónìí nìyẹn o. Bí ẹ bá ti lo ilé ìkàwé òfin kan rí, ní Ifẹ̀tẹ̀dó, ní Ìkeji, ní Ifẹ̀ tàbí níbi yòówù, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa, ẹ sọ ohun tí ẹ bá níbẹ̀ fún wa. Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ òfin kan tí ẹ mọ̀. Ó dìgbà kan ná. Ire o.